Àáró Orí Fóònù ní Ìtapàjí

Ẹ gbọdọ̀ gbọ́ eléyìí o! Bí ọbẹ̀ bá wà lórí iná, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná. Ní Ìtapàjí-Èkìtì, aránṣọ kan wà tó ń jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò wọ yunifásítì rí. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló ti fi ọdún méjì kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó sì gbé ohun kan jáde tí ẹnikẹ́ni fi lè ṣe géèmù láìkọ kóòdù kankan! Ẹ kàn máa fi ìka wọ́ àwòrán síbi tó wù yín, ẹ máa gbohùn sí i, ó parí. Ẹni tó bá lè kọ ebè lóko lè ṣe é. Ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ ní Ebè.

Lára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ó lẹ páálí kan tó kọ ohun tí Ebè máa ṣe lọ́jọ́ iwájú sí. Òjò tó ń rọ̀ nínú géèmù. Òjìji tó ń tẹ̀ lé ènìyàn kiri. Kí ẹni méjì lè jọ ta á lórí fóònù kan. Nígbàkúùgbà tí tuntun bá sọ sí i lọ́kàn, á fò dìde tòun ti téèpù lọ́rùn, á lọ kọ ọ́ sókè pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni "kí iṣẹ́ àná ṣeé gbà padà" ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi di ìkẹsàn-án. Ta ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àná kàn?

Àwọn tó kọ́kọ́ ń lo Ebè gbé ìwà oko wọ orí fóònù: wọ́n ń ṣe àáró. Bí gbogbo wọn bá kọ ebè fún géèmù ẹnì kan lónìí, ti ẹlòmíràn ló kàn. Rẹ̀mílẹ́kún kò rò ó bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń ṣe é. Ẹnì kan, géèmù kan, ni tirẹ̀.

Géèmù Alice, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló wá kàn. Ọmọ ọmọ rẹ̀, Láyí, tí wọ́n bí sí Èkó tí kò gbọ́ Èkìtì, ń bọ̀ nílé ní Sátidé. Nínú géèmù náà, ọmọdé kan ń rìn lọ sí ìlú Ìfisìn, ó ń kí àwọn àgbà lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń fi Èkìtì dá a lóhùn. Àbẹ̀ní, ẹ̀gbọ́n Alice, ló fi ohùn rẹ̀ sọ gbogbo ìdáhùn náà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí wọ́n gbohùn rẹ̀ sílẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń mọ ènìyàn. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, Akínbọ̀dé, àgbẹ̀ onísu tí òun náà wà nínú àáró náà, já wọ ṣọ́ọ̀bù tẹ̀ríntẹ̀rín, ó bá Alice lọ́dọ̀ Rẹ̀mílẹ́kún. Oṣù kan ló ti wà ní ahéré lẹ́yìn dáàmù, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé.

"Ẹ kú uṣẹ́ o! Màmá Tíṣà, ẹ wá wo afárá tí mo ṣe sọ́nà yín! Wọn ò ní lè sọ pé mo jẹ àáró gbé."

Afárá náà rẹwà lóòótọ́. Alice fọwọ́ kan àgbà àkọ́kọ́. Kò dáhùn. Ó kan ìkejì. Kẹ́kẹ́ pa.

"Ó ní láti jẹ́ pé ẹ ò kúnlẹ̀ kí wọn, Mà," Akínbọ̀dé ń ṣàwàdà.

Rẹ̀mílẹ́kún ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Géèmù oṣù tó kọjá ni Akínbọ̀dé gbé lọ sóko, kí wọ́n tó gbohùn sí i. Bó ṣe wọ ìlú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mú, Ebè gba ti ọwọ́ rẹ̀, ó fi bo tuntun mọ́lẹ̀ lórí fóònù gbogbo wọn. Rẹ̀mílẹ́kún wá ohùn Àbẹ̀ní nínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí.

"Kò sí i mọ́, Mà."

"Báwo? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo kọ ọ́ sára ògiri pé ó ṣeé gbà padà?"

"Mo ní ó ń bọ̀ ni, Mà. Mi ò tíì ṣe é."

"Kí lo wá ń ṣe látọjọ́ yìí?"

Rẹ̀mílẹ́kún wolẹ̀. "Òjò," ó ní. "Òjò ni mo ṣe, Mà."

Akínbọ̀dé ṣí fìlà. "Màmá Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi ló fà á."

"Ìwọ ṣe uṣẹ́ tìrẹ," Alice dá a lóhùn. "Ẹni tó pe ni sóko ló yẹ kó fi ààlà han ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí Rẹ̀mílẹ́kún rán ojú aṣọ kan ní ọjọ́ náà àti ọjọ́ kejì. Òjò, òjìji, ó pa gbogbo wọn tì. Kí Sátidé tó mọ́, Ebè ti ń tọ́jú iṣẹ́ oníkálukú lọ́tọ̀ kó tó dà wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ.

Ó bẹ Alice pé kó fi ohùn ara rẹ̀ dí àlàfo.

"Màá ṣe ti àwọn yòókù," Alice ní. "Ìyá tó jókòó ní ìparí ọ̀nà, Àbẹ̀ní nìyẹn. Má fi ohùn ẹnikẹ́ni sí i."

Láyí dé, ó ta á níṣojú Rẹ̀mílẹ́kún nílé Alice, ó ń pariwo ayọ̀, títí ó fi kan ìparí ọ̀nà. "Màmá, ìyá yìí ò dá mi lóhùn!"

Alice fà á lọ́wọ́ wọ yàrá tí Àbẹ̀ní dùbúlẹ̀ sí, ó ní kó kí i níbẹ̀. Rẹ̀mílẹ́kún kò lè tẹ̀ lé wọn wọlé.

Géèmù náà ṣì wà lórí fóònù Alice. Ẹ lọ sí Ìtapàjí, ẹ tọrọ rẹ̀, ẹ rìn ín dé òpin, kí ẹ kí ìyá yẹn. Ẹ fi etí ara yín gbọ́ bó ṣe dákẹ́ tó.