Ọjọ́ Tí Mo Já Ìgò Gbà Lọ́wọ́ Bàámi

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, nílé wa ní Àpòmù, ni mo já nǹkan gbà lọ́wọ́ bàámi, n kò sì ní gbàgbé ọjọ́ náà láyé.

Àdá ló ṣá wọn lẹ́sẹ̀ lóko kòkó. Ìyẹ̀fun inú kápúsù ni wọ́n ń tú dà sójú egbò náà, bí a ṣe máa ń ṣe nílé wa, títí tí kápúsù náà ò fi ran kòkòrò inú rẹ̀ mọ́. Ní láàbù yunifásítì tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́, a po omi olú tó hù lára igi jíjẹrà mọ́ fàdákà tó yòrò sómi. Olú yẹn sọ fàdákà di ẹ̀rún tójú ò lè rí, ó sì pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ nínú abọ́. Ayọ̀ ló jẹ́ kí n gbé ìgò rẹ̀ kan wálé wá fi hàn wọ́n.

Kí n tó bọ́ bàtà, bàámi ti tú báńdéèjì, wọ́n ti ṣí ìgò.

“Ẹ dákun! A ò tíì dán an wò lára èèyàn!”

“Ẹsẹ̀ tèmi tó ń rùn yìí, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ni?”

Wọ́n fẹ́ da ìgò sójú egbò. Mo fò mọ́ ọn, mo já a gbà. Ìyá mi káwọ́ lérí.

“Ọmọ tí mo fi owó kòkó rán níléèwé,” ni bàámi wí jẹ́jẹ́, “òun ló ní kí ẹsẹ̀ mi jẹrà.”

Mo kúnlẹ̀. “Kápúsù yẹn náà, ta la bi ká tó dà á síbẹ̀?”

Bàámi wé báńdéèjì padà mọ́ ẹsẹ̀ wọn. “Mú fìlà mi wá. Ká lọ sọ́sibítù ní Ìkirè.”

Ẹsẹ̀ náà ti jinná báyìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá wálé, kí n tó jókòó ni bàámi ti máa ń béèrè pé, “Ṣé ẹ ti dán an wò tán?”