Abẹ́rẹ́ Tó Gba Ọpọlọ Eku Là

Ìyá Eléku ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń pè é. Obìnrin tó kàwé títí tí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀ ẹ́ pé ó tó, kò sí oyè mìíràn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin rí fún un. Bó bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, Ẹ̀gbọ́n á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, á ní, "Ìyá Eléku, àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jẹun?"

Òun náà á dáhùn pé, "Wọ́n ní kí n kí yín. Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn rán ṣòkòtò." Àwọn méjèèjì á wá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò gbọ́ àwàdà náà rí.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ. Nígbà tí òbí wọn kú, ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn ló sọ ọ́ di dókítà. Ọkùnrin náà lè sọ̀rọ̀ ju rédíò lọ. Oníbàárà á wá gba aṣọ, á gbàgbé aṣọ sílẹ̀, ìtàn ni yóò gbé lọ sílé.

Lóòótọ́, eku funfun ni obìnrin yìí fi ń ṣiṣẹ́, àrùn rọpárọsẹ̀ ló sì ń bá jà. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọpọlọ, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú díẹ̀díẹ̀, bí ọgbà tí wọ́n ti omi rẹ̀ pa. Oògùn tí yóò bá ọpọlọ dúró, tí kò ní jẹ́ kó tètè kú, ló ń wá. Á kun eku lóorun, á fi òwú tín-ín-rín dí iṣan rẹ̀, á sì gún un lábẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, eku tó yẹ kó máa wọ́ ẹsẹ̀ á máa sáré kiri. Ìgbà àkọ́kọ́ tó rí i, ó sunkún. Òfin kan wà ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ yìí: ẹni tó bá ti tọwọ́ bọ iṣẹ́ kò gbọdọ̀ gbé fóònù. Ìta ni wọ́n ń fi í sí, nínú àpò ẹ̀wù.

Nígbà tó yá, ilé ìwòsàn ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ gbà láti dán abẹ́rẹ́ náà wò lára èèyàn. Orí Ìyá Eléku wú. Ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀gbọ́n ń ru, ó sì mọ̀ pé kì í lo oògùn déédéé. Ló bá lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ o. Bí ọwọ́ yín bá ṣàdédé wúwo, tàbí tí ẹnu yín bá wọ́, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé yín lọ síbòmíì. Èmi fúnra mi ni màá wá gbé yín."

"Ṣé eku ti tán ni, tó fi wá kàn mí?"

"Ẹ má fi ṣàwàdà. Ẹ ṣèlérí fún mi."

Ẹ̀gbọ́n ṣèlérí. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: ìfẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ Ìyá Eléku yẹn, ìgbéraga náà sì wà níbẹ̀. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé oògùn ọwọ́ òun ni yóò gba ẹni tó tọ́ òun là. Ilé ìwòsàn kan wà nísàlẹ̀ òpópónà ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n gan-an, tó ní oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Kò dárúkọ rẹ̀ rárá.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, àlùmọ́gàjí bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n. Ó mú un nílẹ̀, ó tún bọ́. Onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ rí i pé ẹnu rẹ̀ ti ń wọ́, ló bá sáré gbé mọ́tò wá.

"Ẹ wọlé, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé ìwòsàn ìsàlẹ̀ yìí."

"Rárá o," Ẹ̀gbọ́n ní, ahọ́n rẹ̀ ti ń wúwo. "Àbúrò mi ló mọ̀ nípa orí. Ó ní kí n dúró de òun."

Ó pè é, ó tún pè é. Fóònù ń dún nínú àpò ẹ̀wù níta. Nínú yàrá, Ìyá Eléku ń kánjú kí abẹ́rẹ́ eku má baà pẹ́. Onígbàjámọ̀ bẹ̀bẹ̀ títí, àwọn tó ń kọjá bá a bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n di àga mú. Ìgbà tí kò lè sọ pé rárá mọ́ ni wọ́n tó rí i gbé.

Ó ti pẹ́ jù. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì ní wákàtí tó gbọ́dọ̀ bá, ó sì ti kọjá. Àwọn tó ń dán abẹ́rẹ́ Ìyá Eléku wò náà mirí: àwọn kì í gba ẹni tó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Eléku, tó ti rí ìpè náà tó sì sáré dé, bẹ̀ wọ́n, ó kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun wà lára àwọn tó ṣòfin náà.

Àwọn èèyàn ń tù ú nínú: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Inú ń bí i sí wọn. Ọkùnrin tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ayé rẹ̀, èwo ni omi níbẹ̀, èwo ni agbè?

Lẹ́yìn náà ni èsì jáde pé abẹ́rẹ́ náà kò ṣe èèyàn lóore kankan. Eku tí wọ́n fi dán an wò, ọ̀dọ́ ni wọ́n, ara wọn dá ṣáṣá, ẹni tó dí iṣan wọn ló sì mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Àwọn èèyàn tó wá sílé ìwòsàn, àgbàlagbà ni wọ́n, ẹ̀jẹ̀ ń ru, àtọ̀gbẹ ń bá òmíràn fínra, ojú oorun sì ni àrùn ti ká ẹlòmíì mọ́. Ohun tó ní kí Ẹ̀gbọ́n dúró dè, kò sí níbì kankan.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Eléku ni Ẹ̀gbọ́n ń gbé báyìí. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ayé, "ó dáa" nìkan ló kù ú kù. Bó bá fẹ́ omi, ó dáa. Bí ẹsẹ̀ bá ń ro ó, ó dáa.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Eléku ń fi aṣọ nu ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n tó ti rọ, ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé mì látọjọ́ yìí bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo ní kí ẹ dúró. Ká ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ bá máa sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ dárí jì mí?"

Ẹ̀gbọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó kù rẹ́rìn-ín sí i. "Ó dáa."

Ara Ìyá Eléku fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ti mọ́ni lára kì í jẹ́ kéèyàn sinmi: obìnrin yìí kì í gba èsì kan gbọ́ láìyí ìbéèrè rẹ̀ padà wò.

"Àbí ẹ ò ní dárí jì mí láéláé ni, Ẹ̀gbọ́n?"

Ẹ̀gbọ́n wò ó, ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ó dáa."