Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí A Má Mu Omi

Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í balẹ̀ ní àdúgbò Fọlá Àgòrò, kò sí ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe tó eré sísá. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní Ṣómólú tàbí Bàríga, ẹ ó rántí pé kò sí ẹni tó kọ́ wa ní eré. Iṣẹ́ rírán ló kọ́ wa. Ìyá mi á tutọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, "Lọ bá mi ra iyọ̀ wá. Kí itọ́ yìí tó gbẹ, kí o ti dé." Ọmọ tí wọ́n bá tutọ́ dè kì í dúró bèèrè ọ̀nà. Màá fo gọ́tà, màá fi ẹ̀gbẹ́ gba àárín àwọn ọkùnrin tó ń ru pépà lọ sí ilé ìtẹ̀wé, màá sì ti padà dé kí ilẹ̀ tó fa itọ́ náà mu tán. Bí mo bá pẹ́, pankẹ́rẹ́ tó wà lókè àjà á sọ̀kalẹ̀ wá kí mi káàbọ̀. Nítorí eré yìí ni àwọn ọmọ àdúgbò ṣe ń pè mí ní Tóyìn Ẹtu.

Ilé tí yàrá pọ̀ sí, tí ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, ni a ń gbé. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìnkùlé, ìjà ibẹ̀ kì í sì í tán. Bàbá mi ń gé pépà ní ilé ìtẹ̀wé kan tí kò jìnnà sí wa. Bó bá ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, òórùn tàdáwà á ti ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa gbé. Bí wọ́n bá jí, wọn kì í dìde lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ kan, wọ́n á na èkejì, wọ́n á yí ọrùn, wọ́n á yí ìbàdí, wọ́n á wá jókòó díẹ̀ lórí ẹní bí ẹni ń retí àlejò. Àwa ọmọ á bo ẹnu, a ó máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ẹ máa rín. Ara tí a ò bá jí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́."

Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, ìdíje eré ìdárayá láàárín àwọn ilé aláwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í ṣe ohun kékeré. Ilé Gíríìnì ni mo wà. Olórí wa ni Sístà Rẹ̀mí, ọmọ kíláàsì àgbà tó ga bí òpó iná, tí ohùn rẹ̀ le, ṣùgbọ́n tó fẹ́ràn wa bí àbúrò. Gbogbo wa ló gbà nígbà náà pé omi ni ọ̀tá ẹni tó fẹ́ sáré. Wọ́n ní bí omi bá wà nínú, á máa mì nínú ikùn, ẹsẹ̀ á sì wúwo. Sístà Rẹ̀mí kọ́ ló dá òfin yìí sílẹ̀. Bí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ṣe fi lé e lọ́wọ́ ló ṣe ń fi lé wa lọ́wọ́. Láti àárọ̀ ọjọ́ ìdíje, ẹni tó bá máa sáré ò gbọdọ̀ fi omi kan ẹnu. Gúlúkóòsì gbígbẹ ni wọ́n máa ń dà sí wa lọ́wọ́ pé ká lá, kí agbára lè wà. Kí ẹnikẹ́ni má baà yọ́ omi mu, Sístà Rẹ̀mí máa ń tò wá, á sì máa yẹ ahọ́n wa wò.

"Ẹ yọ ahọ́n!"

A ó yọ ọ́ gbọọrọ, bí ajá tí oòrùn pa.

"Ìwọ Fúnkẹ́, kí ló dé tí ahọ́n tìẹ ń dán?"

"Sístà, itọ́ ni o."

"Itọ́ kọ́, òjò ni! Gbé e mì kíá."

Àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ìyá mi bu ẹ̀kọ gbígbóná fún mi, ó gbé àkàrà lé e. Mo ní wọ́n ní ká má mu ohunkóhun. Ìyá àgbà gbójú sókè láti orí ẹní. "Wọ́n? Àwọn wo ni Wọ́n? Ṣé Wọ́n ló bí ọ ni?" Àkàrà nìkan ni mo mú, mo ń jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà, ó ń há mi lọ́fun.

Oòrùn ọjọ́ náà ò ṣeé fẹnu sọ. A yan bí ológun kọjá níwájú àwọn àlejò, lẹ́yìn náà wọ́n ní ká jókòó sínú iyanrìn láìsí ibòji, títí wọn yóò fi pè wá. Wọ́n fi ìpara gbígbóná tí àwọn àgbà fi ń pa orókún ra ẹsẹ̀ wa. Ó ń ta wá lára, a sì rò pé agbára ló ń wọlé. Gúlúkóòsì ti di gẹdẹgẹdẹ lẹ́nu mi. Nígbà tí wọ́n fọn fèrè fún eré sísá ọ̀nà jíjìn, ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri nítorí ìjókòó. Ọmọ kan láti Ilé Yẹ́lò fẹ́ na iṣan ara rẹ̀ díẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ hó lé e lórí pé ó ń ṣe fọ́ọ̀mù, pé àṣehàn ni. Ó dáwọ́ dúró. Gbogbo wa gbéra lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí wọ́n tutọ́ dè wá.

Èmi ni mo ṣáájú. Mò ń gbọ́ tí wọ́n ń pariwo, "Ẹtu! Ẹtu!" Nígbà tó yá, mo ṣàkíyèsí pé òógùn tó ń ṣàn lójú mi ti dáwọ́ dúró, òtútù sì ń mú mi nínú oòrùn yẹn. Ariwo náà ń jìnnà sí mi, bíi pé wọ́n gbé gbogbo èèyàn lọ sí ẹ̀yìn odi. Lẹ́yìn náà ni pápá náà dìde dúró, ó sì gbá mi lójú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní ẹnì kan sáré gbé ìgò omi wá, ó fẹ́ dà á sí mi lẹ́nu. Tísà wa kan ló pariwo mọ́ ọn pé, "Má dà á sí i lẹ́nu, kò tíì jí! Ṣé o fẹ́ kí omi lọ sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni?" Ó gbé mi sí ibòji, ó dá mi dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi aṣọ tútù nu ọrùn àti abíyá mi. Ẹnì kan ti sáré lọ pe bàbá mi níbi iṣẹ́.

Ohun tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ mọ̀ ni òórùn tàdáwà. Ẹ̀yìn bàbá mi ni mo wà, ó pọ̀n mí bí ìkókó, ó ń sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Bàbá mi kì í bẹ ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń pe ọmọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó ń sọ ọ́ ṣáá pé, "Tóyìn, dá mi lóhùn. Tóyìn mi, jọ̀ọ́, dá bàbá ẹ lóhùn." Mo fẹ́ dáhùn, ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Nọ́ọ̀sì tó fa omi sí mi lára sọ fún un pé, "Bàbá, bí ẹ bá fi lè pẹ́ sí i díẹ̀..." Kò parí rẹ̀. Gbólóhùn tí kò parí yẹn, mo gbé e dàgbà.

Sístà Rẹ̀mí wá kí mi nílé. Ó bó ọsàn wá, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ẹnikẹ́ni ò bá a wí; ìyá mi tilẹ̀ fún un ní oúnjẹ. Ọmọdé lòun náà.

Láti ìgbà náà, mi ò sáré mọ́. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ fi mí sílẹ̀ ní Fádèyí, màá ní kó máa lọ. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn tí àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kì-kì-kì, màá di ògiri mú, màá máa retí kí ilẹ̀ dìde. Ọkọ mi rò pé ọ̀lẹ ni, kó tó di pé mo sọ ìtàn yìí fún un. Ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ mi wá ń ru, dókítà ní mo gbọ́dọ̀ máa ṣe eré ìmárale, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí mò ń sá fún á wá bá mi lórí ìjókòó. Òógùn bò mí níwájú rẹ̀. Ó yẹ ọkàn mi wò dáadáa, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí n kọ́kọ́ rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí ara lè gbóná, kí n mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ mí, kí n má jáde bí ibà bá ń ṣe mí, bí àyà bá sì ń dùn mí tàbí òòyì ń kọ́ mi, kí n dúró, kí n sì wá ìtọ́jú. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀ mi ò jáde.

Ìyá Sàídì, aládùúgbò wa, ló wá kan ilẹ̀kùn. "Ìyá Dàmọ́lá, rírìn la fẹ́ rìn o, a ò lọ jagun." Báyìí ni mo ṣe di ọ̀kan lára àwọn obìnrin tó ń rìn láàárọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó mú.

Nígbà tiwa, àdúgbò fúnra rẹ̀ ni pápá ìṣeré, ara wa sì yá ju ti àwọn ọmọ òní tí fóònù dè mọ́ àga lọ. Mi ò ní parọ́, mo ṣàárò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹni tó bá ní ó ti rẹ òun, ọ̀lẹ ni. Ẹni tó bá dúró, wọ́n á hó lé e títí ìtìjú á fi lé e padà sójú eré. Láàárọ̀ ọjọ́ kan láìpẹ́ yìí, a ti ń rìn bọ̀ láti ọ̀nà Bàríga, àwọn tó wà níwájú yára sí i, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù, ẹ̀rù àtijọ́ sì dì mọ́ mi. Mo la ẹnu, mo sọ ohun tí mi ò lè sọ ní pápá ọjọ́ yẹn: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí. Ó ti rẹ̀ mí."

Gbogbo wọn dúró. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Sàídì ti fìdí lélẹ̀ sórí pèpéle ṣọ́ọ̀bù kan kí n tó parí ọ̀rọ̀, ó ń fi ìborùn fẹ́ ara rẹ̀.

"Ẹ ṣeun o jàre," ó ní. "Látìgbà tí a ti kúrò nílé ni mo ti ń wá ẹni tó máa kọ́kọ́ sọ ọ́."