Ọmọ Tí Wọn Ò Nà

Irun ni Hàbíbátù ń dì ní Ìdímù. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí, Èkó ló ti lọ́kọ, Èkó náà ló ti dopó. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Abdulsobur, tó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà ní Dópẹ̀mú. Ọjọ́ tí Sóbúrù gbé Adébùnmí níyàwó, kò sẹ́ni tó yọ̀ tó ìyá rẹ̀.

Àṣé Sóbúrù máa ń na ìyàwó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Adébùnmí gbé ojú wíwú wá bá a, Hàbíbátù fi omi gbígbóná jó o fún un, ó ní, "Ṣe sùúrù, ìyàwó mi. Ó máa yí padà." Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀, ó bá a wí. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹkún ló kù tó lè sun.

Ní ìgbà òjò ọdún 2014, aládùúgbò wọn kan sáré wá pè é. Kó tó dé Dópẹ̀mú, Sóbúrù ti sá lọ. Adébùnmí wà nílẹ̀, apá rẹ̀ ti kán, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Qonitah, ọmọ wọn tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ, dúró gbagidi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò sunkún, kò pariwo. Gbogbo ẹ̀ ló ṣojú rẹ̀.

Àwọn ará ilé Adébùnmí wá gbé e lọ sí Abẹ́òkúta fún ìtọ́jú. Kó tó wọkọ̀, ó di ìyá ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi mójú tó Qonitah títí ara mi á fi yá." Hàbíbátù kò lè wò ó lójú.

Láti ọjọ́ náà, Qonitah kò sọ̀rọ̀ mọ́. Bí ìkòkò bá já bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, á sá wọ abẹ́ tábìlì. Bí ìyá àgbà bá nawọ́ sí orí rẹ̀, á máa gbọ̀n, torí irun ni bàbá rẹ̀ máa ń fi wọ́ ìyá rẹ̀ nílẹ̀. Ìyá tó ń dirun fún gbogbo Ìdímù, irun ọmọ-ọmọ tiẹ̀ rí wúruwùru.

Nọ́ọ̀sì kan ló júwe yàrá kan fún un ní Ìgàndó, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọkàn àwọn ọmọ tí ìjà ilé ti dẹ́rù bà. Ìjọba ló ń gbọ́ bùkátà ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í san kọ́bọ̀. Àǹtí Susanna tó ń bójú tó àwọn ọmọ náà kì í jókòó sórí àga. Orí ẹní ló máa ń wà pẹ̀lú wọn, àárín yanrìn àti ọmọlángidi. Kò bi Qonitah ní nǹkan kan.

"Àǹtí, ṣé eré nìkan ni wọ́n á máa ṣe ni?" Hàbíbátù béèrè.

"Màmá, inú eré yẹn ló ti máa sọ ọ́. Ẹ ṣáà fún un láyè."

Ọjọ́ Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń lọ. Fún oṣù mélòó kan, iṣẹ́ Qonitah kò ju kó máa ri ọmọlángidi mọ́ inú yanrìn. Lọ́jọ́ kan, ó hú u jáde, ó gbọn yanrìn ojú rẹ̀ nù, ó ní, "Kò kú."

"Ta ni kò kú?" Susanna rọra béèrè.

"Mọ̀mí mi."

Hàbíbátù tó wà lójú fèrèsé fi hìjáábù bo ẹnu, ó bú sẹ́kún.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀. Qonitah tọrọ iyọ̀ sọ́bẹ̀. Ó rí ewúrẹ́ onílé, ó rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá àgbà fúnra rẹ̀, ó ní, "Ẹ rọra o." Ọwọ́ tó ti ń dirun láti kékeré wá ń ya irun náà díẹ̀díẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́.

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn tí ìjọba fi dáwọ́ owó tó ń fún ibẹ̀ dúró. Wọ́n ní ó ń bọ̀, kò dé. Susanna ń fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀ wá láti Ẹ̀gbẹ́dá, títí agbára rẹ̀ kò fi ká a mọ́. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, wọ́n bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà. Mégàádì ní, "Màmá, wọ́n ti kó lọ." Qonitah kan ilẹ̀kùn. Ó tún un kàn.

Hàbíbátù gba ọ́fíìsì ìjọba lọ. Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà, tó dá a lóhùn, kì í ṣe èèyàn burúkú. Àga tirẹ̀ ló fún un jókòó sí.

"Màmá, ṣé wọ́n na ọmọ náà ni?"

"Rárá o. Ìyá rẹ̀ ni wọ́n nà lójú rẹ̀."

"Ṣé ọgbẹ́ kankan wà lára rẹ̀?"

"Kò sí."

Ó mí kanlẹ̀. "Owó tó kù, ti obìnrin tí wọ́n nà àti ọmọ tí wọ́n nà ni. Ti ọmọ tó kàn wò ó, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ ibi tí mo lè fi í sí."

"Ó kàn wò ó?" Hàbíbátù dìde lórí àga. "Ọmọ mi, ṣé ojú kì í ṣe ara ni?"

Olúsànyà sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Hàbíbátù ní òun á ṣe é fúnra òun. Ó ra ọmọlángidi, ó jọ yanrìn, ó tẹ́ ẹní, ó fi orúnkún tó ń dùn ún jókòó sílẹ̀. Qonitah ṣeré díẹ̀, ó wá gbójú sókè.

"Ìyá àgbà, ṣé ẹ̀yin lẹ bí dádì mi?"

Ká ní Susanna wà níbẹ̀ ni, ì bá mọ bí wọ́n ṣe ń gba irú ọ̀rọ̀ yẹn mú. "Èmi ni," ni Hàbíbátù wí.

"Ẹ ò sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Mo sọ fún un."

Ọmọ náà mi orí bí àgbàlagbà. Ó dìde lórí ẹní, ó lọ dá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí ìyá àgbà bá pè é, á jẹ́ "mà", ìyẹn náà ló mọ.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Adébùnmí wá mú ọmọ rẹ̀. Apá rẹ̀ ti jiná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. "Mọ̀mí, ẹ ṣeun. Ibi tí ẹ ní wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n ti tì í. Ṣé irú ẹ̀ wà lọ́dọ̀ yín?"

Adébùnmí mi orí. "Mi ò tíì gbọ́ ọ rí."

Qonitah kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà, bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ fún àlejò, ó gbé báàgì rẹ̀, ó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni fóònù dún. Nọ́ńbà àjèjì ni, ṣùgbọ́n ohùn Sóbúrù ni. "Mọ̀mí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ mi ńkọ́?"

Hàbíbátù mú un kúrò létí. Ó gbé fóònù náà sílẹ̀ tòun ti ohùn tó ń pè é nínú rẹ̀, ó sì sunkún títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́.