Kúláǹtì Tí Wọn Ò Bu Omi Sí

Bí aránṣọ yìí bá bínú sí ènìyàn, kì í pariwo. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló máa ń pariwo fún un. Á tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ á máa sáré lórí aṣọ, ojú rẹ̀ á sì le koko. Àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọ́n á ní, "Ó tún ti ń jẹ ọ̀rọ̀ sínú o." Obìnrin náà lè gbé ọ̀rọ̀ mì kó fi omi tútù lé e, kó wá máa wò ọ́ bí o ṣe ń lọ forí sọ ògiri. Sùúrù ló ń pe ìyẹn.

Ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ tó ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ kó èrò ni ọkùnrin náà, Ògidì sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò fẹ́ kí ohunkóhun lábùlà. Ọ̀dà tó fi kun ilé, ògidì. Ọtí rẹ̀, ògidì. Èébú ẹnu rẹ̀ gan-an, kì í bomi là á. Nígbà kan tí nǹkan le fún wọn, ìyàwó rẹ̀ bu omi sí ọbẹ̀ kó lè kárí ilé. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti padà sí ọbẹ̀ tó ki, ṣùgbọ́n Ògidì ò gbàgbé. Níwájú oníbàárà, níwájú àlejò, á nawọ́ sí i: "Ẹ wo ìyàwó mi yìí. Ẹ fún un lójò, á bu omi sí i." Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ètè lásán.

Lásìkò tí mò ń wí yìí, ojú ìyá aránṣọ náà ló gbà á lọ́kàn. Ojú kan ti fọ́ pátápátá. Wọ́n ní bí wọn ò bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ sí èkejì, kò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Dókítà tó lè ṣe é kì í gbé ìtòsí, ìgbà díẹ̀ ló máa ń yà sí ọsibítù tó wà lódìkejì òkè. Aránṣọ náà ti lọ bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní kò sáyè.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ògidì yọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mẹkáníìkì ti tú gbogbo omi ìpẹtà inú rẹdíétọ̀ ọkọ̀ náà dànù, ó ní kó yé rọ omi lásán sí i, kó ra kúláǹtì tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù.

"Bá mi rà á lọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ yín yẹn," ni Ògidì wí. "Ògidì ni o. Má gba èyí tí wọ́n ti pò. Mo níbi tí mò ń lọ lọ́la, mi ò fẹ́ wàhálà."

Kò sọ ibi tó ń lọ. Ìyàwó rẹ̀ ò sì béèrè.

Oníṣọ́ọ̀bù gbé ike méjì síwájú rẹ̀. "Àǹtí, omi ti wà nínú èyí. Èyí kejì ni ògidì. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún bọ̀ọ̀dá kí wọ́n fi omi pò ó, ìdajì kúláǹtì, ìdajì omi tó mọ́. Tí wọ́n bá dà á láìfi omi pò ó, kò ní lè gbé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì dáadáa. Tí wọ́n bá gun òkè, á hó."

"Màá sọ fún wọn," ni obìnrin náà wí, tọkàntọkàn ló sì fi sọ ọ́.

Nígbà tó délé, Ògidì wà nídìí ọkọ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì wà ní ṣíṣí, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ yí i ká. Kí ìyàwó rẹ̀ tó la ẹnu, ó ti gba ike náà, ó ń yẹ ìdérí rẹ̀ wò.

"Ẹ jẹ́ n wò ó dáadáa," ó wí fún wọn. "Ẹ kúkú mọ ọwọ́ ìyàwó mi. Ó lè ti yà nídìí ẹ̀rọ omi."

Ẹ̀rín sọ.

"Oníṣọ́ọ̀bù ní..." ni obìnrin náà bẹ̀rẹ̀.

"Ó ní kí o bu omi sí i, àbí?"

Ẹ̀rín tún sọ. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ń fẹsẹ̀ janlẹ̀.

Aránṣọ náà pa ẹnu dé. Ó dúró, ó ń wo bí kúláǹtì náà ṣe ń ṣàn wọnú rẹdíétọ̀ títí ó fi kún. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ti ń rí ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà, tí èrò ń bú u, tí kò sẹ́ni tó máa bá a rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ògidì jí i. "Wọṣọ. A ń lọ gbé Màmá."

"Màmá wo?"

"Màmá mélòó lo ní?" Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tójú ń tì. "Mo lọ bẹ àwọn ọsibítù yẹn. Wọ́n ti wáyè fún Màmá. Òní nìkan ni dókítà yẹn máa lò, ọ̀sán ló ń padà. Mi ò fẹ́ sọ fún ẹ tẹ́lẹ̀, kó má lọ yẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí wọ́n tún rẹdíétọ̀ ṣe."

Obìnrin náà dìde. Ó wọṣọ.

Màmá jókòó síwájú, ó di ọwọ́ àna rẹ̀ mú. "Ọkọ mi, Ọlọ́run á dá a padà fún ẹ." Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Wọ́n kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù oníkúláǹtì, ọkùnrin náà sì juwọ́ sí wọn. Àkókò ṣì wà láti dúró, kí wọ́n tú u, kí wọ́n pò ó bó ṣe yẹ. Aránṣọ la ẹnu. Ṣùgbọ́n Ògidì á bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀, ìyá rẹ̀ á sì gbọ́ ìdáhùn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá oníṣọ́ọ̀bù ń sọ àsọdùn ni. Ó pa ẹnu náà dé.

Wọn ò tíì gun òkè dé ìdajì tí ẹ́ńjìnnì fi gbóná kọjá ààlà. Èéfín bo dígí iwájú, ọkọ̀ gbọ̀n, ó kú. Ògidì ń sáré kiri láàárín títì, ó ń nawọ́ sí ọkọ̀ tó ń kọjá, kò sí èyí tó dúró. Nígbà tí awakọ̀ akẹ́rù kan dúró, oòrùn ti kọjá àtàrí. Ó fọwọ́ kan ohun tó ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹdíétọ̀, ó fi ìka méjì ra á.

"Ẹ̀yin ò po omi mọ́ ọn ni?"

Ògidì yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Kò sí ẹ̀fẹ̀ lójú rẹ̀. "Oníṣọ́ọ̀bù ò sọ nǹkan kan fún ẹ?"

"Kò sọ nǹkan kan."

Ògidì bá dọ̀bálẹ̀ sórí títì níwájú Màmá, ó ní kí wọ́n má bínú, òun ni òun ò béèrè. Ó ti pẹ́ tí aránṣọ ti ń fẹ́ kí ojú ti ọkùnrin náà bẹ́ẹ̀. Ó gbójú kúrò. Nígbà tí wọ́n fi dé ọsibítù, agbálẹ̀ ló bá wọn sọ pé dókítà ti lọ.

Kí dókítà yẹn tó tún yà, ojú kejì ti fọ́.

Ògidì ò fi omi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ti rọra báyìí, èyí sì ń dá aránṣọ lóró ju èébú lọ. Òun ló máa ń fa Màmá lọ́wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, kí wọ́n má báa dá wà nílé. Màmá á jókòó sórí àga nídìí ẹ̀rọ, á máa fọwọ́ ká àjákù aṣọ. Tó bá ti gbọ́ tí oníṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wọn ń ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀.

"Oníkúláǹtì yẹn nìyẹn. Ó mọ̀, ó dákẹ́. Ẹni tó mọ̀ tó dákẹ́ tí ojú mi fi fọ́, kó má rẹ́ni dá a lóhùn lọ́jọ́ tó bá ń ké."

Á wá dẹ etí sílẹ̀.

"O ò ṣe àmín?"

"Àmín, Màmá," ni aránṣọ á wí, á sì tẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ.