Ẹ̀kọ Gbígbóná Nínú Àtẹ́lẹwọ́

Tí mo bá rí ẹni tó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ẹ̀kọ gbígbóná, ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo máa ń rántí. Rumuokwuta, tó jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá, la ti jọ ṣiṣẹ́ nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀. Bí ọmọ bá ń sunkún ní kíláàsì, ìyá náà á ní kó dijú, kó ṣe ọwọ́ bí ife, bíi pé ẹ̀kọ wà níbẹ̀.

"Oya, blow am small small."

Ọmọ á máa fẹ́ ẹ.

"E don cold?"

"E never cold, Ma."

Wọn kì í kán an lójú. Wọ́n ní ọmọ ló mọ ìgbà tí tirẹ̀ máa tutù.

Lọ́dún yẹn, ibà pa ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá náà bí. Mo lọ kí wọn. Mo jókòó tì wọ́n, mo kó ọwọ́ wọn méjèèjì pọ̀ bí ife.

"Mà, ẹ dákun, ẹ fẹ́ ẹ."

Wọ́n fẹ́ ẹ títí. Mo bi wọ́n pé ṣé ó ti tutù.

Wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ wọn. "Ó ti tutù, kọ́pà. Ta ni kí n wá gbé e fún?"