Wọ́n Ní Hítà Bàbá Mi Ti Bàjẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ hítà ilé wa ní Ùsì fún yín. Ó ti tó ọdún mélòó kan, síbẹ̀ bí mo bá rántí rẹ̀, inú máa ń bí mi bí ẹni pé àárọ̀ òní ló ṣẹlẹ̀. N kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí n kò bá tíì rí ìdí nǹkan. Ìwà yẹn gan-an wà lára ohun tó ń bí mi nínú.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì nígbà náà, mo sì ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan. Bàbá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Àtọ̀gbẹ ti bá a fínra débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ ohun tó gbóná yàtọ̀ sí ohun tó tutù mọ́. Ṣùgbọ́n kì í pa ìrun àsùbáà jẹ, ẹ̀yin náà sì mọ ọyẹ́ Èkìtì. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní London, Bùrọ̀dá Mùfú, wá fi hítà onígáàsì ránṣẹ́, kí Bàbá lè máa rí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣe àlùwàlá.

Ọkùnrin kan láti Ìdó tó ń tún fíríìjì ṣe, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Injinía, ló so ó mọ́ ògiri bálùwẹ̀. Ó ṣí ẹ̀rọ omi gbàgà, hítà ta pá-pá-pá, iná ràn, omi gbóná. Bàbá ní, "Alihamudu lilahi, omi gbígbóná ti wọ ulé wa." Ìyá mi gbé búùtà tí Bàbá fi ń ṣe àlùwàlá kọ́ sókè. Kí la tún fẹ́ fi ṣe?

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Bàbá ṣí omi, hítà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà tí èmi fẹ́ wẹ̀ lọ ibi iṣẹ́, ó ràn. Lọ́jọ́ kẹta, bákan náà. Bàbá Ràfíù, ọ̀rẹ́ Bàbá tí wọ́n jọ ń lọ sí mọ́sálásí, gbọ́ ọ ló bá ń rẹ́rìn-ín.

"Kèfèrí ni hítà yín. Ẹni tó fẹ́ wẹ̀ ló mọ̀, kò mọ ẹni tó fẹ́ kírun."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi mú ìwé tó bá hítà náà wá, mo kà á. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé nǹkan kékeré kan wà nínú páìpù tó ń ṣọ́ bí omi ṣe ń sáré. Bí omi kò bá sáré tó, kò ní jẹ́ kí gáàsì ṣí. Mo rò ó wò. Báwo ni Bàbá ṣe ń ṣí omi àlùwàlá? Tín-ín-rín bí òwú ni. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í fi omi àlùwàlá ṣòfò, bí èèyàn tilẹ̀ jókòó sẹ́bàá odò.

Mo fura pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n mo ní kí n dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó wí nǹkan kan. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ibi iṣẹ́ ni mo wà tí Bàbá fi ránṣẹ́ pe Injinía padà. Ó ní bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ti jóná, pé omi wa kò bá ẹ̀rọ òyìnbó mu. Ó já wáyà nǹkan tó ń ṣọ́ omi, ó lọ́ ọ pọ̀, ó wá fi súìsì sára ògiri bíi ti gílóòbù. Hítà ràn, ó tún kú fúnra rẹ̀. Ó bá lọ́ wáyà mìíràn pọ̀. Èyí tó ń pa iná bí omi bá ti gbóná jù ni wáyà yẹn.

Nígbà tí mo dé, tí mo rí ohun tó ṣe, mo pè é lórí fóònù, mo bi í pé kí ni iṣẹ́ wáyà kejì tó lọ́ pọ̀ yẹn.

"Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yọ èèyàn lẹ́nu. Ọmọ ìwé, ṣé o ti tún hítà ṣe rí?"

Mo ní rárá. Mo wá bẹ Bàbá pé kó má tíì lò ó.

"Ọjọ́ tí kò ṣuṣẹ́, o ò wí nǹkan kan. Ó wá ń ṣuṣẹ́ tán, o ní kí n má lò ó."

Òótọ́ ló sọ. Mo sì lè ti gáàsì pa lẹ́nu sílíńdà kí n tó sùn. N kò tì í.

Ní ìdájí, Bàbá tan súìsì, ó ṣí omi bí òwú. Omi tútù tó wà nínú páìpù ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó fọ ọwọ́, ó fọ ojú. Ẹsẹ̀ ló máa ń kẹ́yìn. Nígbà tó fi máa kan ẹsẹ̀, omi ti ń hó. Ó fọwọ́ kan di ògiri mú, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sábẹ́ omi, kò mọ nǹkan kan. Ìyá mi ló rí ooru tó ń rú, tó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Awọ ti bó.

Dókítà ní irú egbò bẹ́ẹ̀ lára alátọ̀gbẹ lè gba odidi ẹsẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni a fi ń gbé e lọ gbé e bọ̀ ní ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ kò lọ. Ọmọ ìka tó kéré jù lọ ló lọ.

Injinía wá kí wa, ó ní kádàrá ni. Mo fà á wọ bálùwẹ̀. Mo ti dá àwọn wáyà náà padà sí ipò wọn bí ìwé ṣe wí. Mo ní kó ṣí omi bí òwú. Hítà dákẹ́. Mo ní kó ṣí i gbàgà. Pá-pá-pá, iná ràn.

Mo ní, "Bọ́ọ̀dù tó jóná dà?"

Ó wo hítà, ó wò mí. "Nǹkan òyìnbó ni, àbúrò. Ó lè ti tún ara rẹ̀ ṣe."

Ẹ wo ẹnu! Mo jáde fún un.

Lọ́jọ́ yẹn ni Ìyá mi sọ búùtà kalẹ̀. Ó ṣí omi gbàgà, ó bu omi gbígbóná sínú rẹ̀, ó fi omi tútù lú u, ó fi ìgúnpá tọ́ ọ wò, ó gbé e fún Bàbá. Ẹ̀kán omi kan kò ṣòfò. Ohun tí à bá ṣe láti ọjọ́ kejì nìyẹn. Ẹni tó sọ̀rọ̀ kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó mọ̀ ọ́n kò sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ní nǹkan bàjẹ́ nílé yín, ẹ bi wọ́n pé ìgbà wo ló ń ṣiṣẹ́, ìgbà wo ni kì í ṣiṣẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ pé ara èèyàn ló wà nínú ewu, ẹ sọ ìfura yín jáde, kódà bí kò bá tíì dá yín lójú. Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí nínú yín? Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ èyí, mo fẹ́ kà á.

Bàbá ṣì ń fi búùtà rẹ̀ ṣe àlùwàlá. Bó bá kan ẹsẹ̀ ọ̀tún, á rọra da omi sáàárín àwọn ọmọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì da díẹ̀ sí àyè èyí tí kò sí mọ́.